Ọjọ́ Tí Wọ́n Fọ̀rọ̀ Etí Omi Lọ Ará Ìdí-Èmì

Adìẹ tí Ràsáàkì fẹ́ pa fún àlejò kì í ṣe tirẹ̀. Ti Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ni, ó sì ń sàba lórí ẹyin lábẹ́ àká. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ará ìjọba ń bọ̀ wá fi ọ̀rọ̀ etí omi lọ ará Ìdí-Èmì.

Àwáwù ní ẹni tó bá pe àlejò ni kó wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Ràsáàkì ní òun kọ́ lòun pè wọ́n, ìjọba ló rán wọn. Àwáwù ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí ìjọba pa adìẹ tirẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọkọ òun ṣe aṣojú ará ìlú, òun ò tíì rí ohun kan tó wọlé, àfi èyí tó ń jáde. Iṣu ti jáde, epo ti jáde, ó wá ku adìẹ tó ń sàba.

Ràsáàkì ń na fìlà rẹ̀ lórí orúnkún kó lè dúró dáadáa. Dáńṣíkí funfun tó fi ń kírun Jímọ́ọ̀ ló wọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe Jímọ́ọ̀.

Dúróríkẹ́ ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ ọdẹ ni ìyá náà. Kò kírun rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrun lọ òun lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ tí Àwáwù ti wọlé ọkọ, ìyá yìí ò tíì rí ohun kan tó ṣe tó dára: iná rẹ̀ ń rú èéfín jù, iyán rẹ̀ ń ní kókó, ọbẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ adìẹ yìí, ẹ̀yìn ìyàwó ló wà.

"A kì í pa adìẹ tó ń sàba," ó ní. "Ẹ mú àkùkọ mi."

Àwọn méjèèjì wo ìyá. Ọdún Ògún ni ìyá ń sin àkùkọ yẹn dè. Ràsáàkì ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá ní kí ni kò yẹ? Ògún á dúró, àlejò kì í dúró. Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ràsáàkì mú àkùkọ Ògún, ó kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ó ní Bìsìmílàhì, ó dúńbú rẹ̀.

Odò lásán ló wà ní Ìdí-Èmì tẹ́lẹ̀. Ìjọba ológun ló sé e. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n dé, wọ́n sé odò, omi kún, ó gbé oko àwọn èèyàn mì, ó di adágún tí ojú ò tó òpin rẹ̀. Ará Ìdí-Èmì sunkún títí ẹkún fi tán. Nígbà tí wọ́n nu ojú, wọ́n rí i pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi náà máa ń fà sẹ́yìn, ilẹ̀ dúdú á sì yọ létí rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ni àwọn obìnrin gbin tìmátì àti ata sí. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ láti Ṣakí dé Ìjìó bá gbẹ bí awọ, tí ewúrẹ́ ń jẹ páálí, ti Ìdí-Èmì á máa pọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù á sì wá kó o. Etí omi yìí ló ń ra aṣọ ọdún. Òun ló ń gbọ́ bùkátà Àdìjátù, àkọ́bí Àwáwù, níléèwé tó wà ní Ṣakí.

Ní báyìí, ìjọba alágbádá ti dé, wọ́n sì ti rí i pé etí omi náà lẹ́wà. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ síbẹ̀, ilé ńlá tí àwọn èèyàn á máa ti Ìbàdàn wá sùn, àti èbúté fún ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn máa bi onílẹ̀ léèrè. Ìjọba alágbádá ò dà bí ológun, ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ràmọ́nì, àbúrò Ràsáàkì, tó ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Ṣakí, ló wá sọ pé wọ́n nílò aṣojú kan, pé òun sì ti dárúkọ ẹ̀gbọ́n òun. Ìlú ò yan Ràsáàkì. Ìlú kàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ pé ó ti ń ṣojú wọn.

"Bí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ fẹ́, kí lẹ máa sọ?" Àwáwù bi í, bó ti ń tu ìyẹ́ àkùkọ.

"Màá kọ́kọ́ dúpẹ́."

"Lẹ́yìn ọpẹ́ ńkọ́?"

Ràsáàkì tún na fìlà. Àwáwù ní ohun méjì péré ni kó bá àwọn obìnrin sọ: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ká tìmátì tó wà nílẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé irin wá, kí wọ́n sì fi ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ tí àwọn á máa gbà lọ pọnmi. Ràsáàkì ní obìnrin ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ó ní a kì í rí àlejò ká bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀bẹ̀ sí i létí. Bí wọ́n bá jẹun tán, tí ara tù wọ́n, ọ̀rọ̀ á rọ̀ wọ́n lẹ́nu.

"Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà," ni ìyá wí sínú ẹ̀gúsí rẹ̀. Kò sọ adìẹ tó ń bá wí.

Àwọn obìnrin àdúgbò wá bá Àwáwù gún iyán, ẹnu wọn ò sì dúró. Ọ̀kan gbọ́ pé gbogbo ilé ló máa ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìgbafẹ́ náà. Òmíràn bi í pé iṣẹ́ wo. Ó ní àwo fífọ̀. Ẹlòmíràn ní tòun, wọ́n ti ṣèlérí fún ọmọ òun pé yóò máa de táì sọ́rùn, yóò sì máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Wọ́n ní ṣé kò lè fi ọrùn lásán ṣílẹ̀kùn ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ odó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún wọn lọ́wọ́. Àwáwù ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀nà odò. Ọjọ́ ọjà Ṣakí ku ọ̀la, èyí tó pọ́n lóko rẹ̀ ò ṣeé fi dọ̀tunla.

Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, Ràsáàkì jáde lọ kó èèyàn jọ. Ìpàdé tí èrò ò bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀tẹ́ aṣojú ni. Ó bá àwọn obìnrin tó ń bomi rin oko létí omi, ó ní kí wọ́n gbé garawa sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ká èyí tó ti pọ́n. Ó ní kí wọ́n wá ká a nírọ̀lẹ́, tìmátì ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá lọ. Ó ní bí ìjọba bá dé tí wọn ò bá èèyàn, wọ́n á ní ará Ìdí-Èmì ò fẹ́ ìlọsíwájú, wọ́n á sì gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ̀rù ìlọsíwájú tó fẹ́ lọ síbòmíràn ba àwọn obìnrin náà, wọ́n tẹ̀lé e. Mojọlá nìkan ló kù, nítorí kò tíì pẹ́ tó bímọ, kò sì lè jókòó sínú oòrùn. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi èmì, ó ní òun á máa bá wọn wo oko.

Ọdẹ́bọ̀dé, àgbà ọdẹ tí ògiri ilé rẹ̀ kan ti Ràsáàkì, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń rin pákò. Ó bi Ràsáàkì bóyá ó ti rí àwọn èèkàn tí wọ́n kùn lọ́dà pupa, tí wọ́n gbìn sétí omi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ràsáàkì ní àwọn awọnlẹ̀ ló gbìn ín, wọ́n kàn wọn ilẹ̀ lásán ni. Ọdẹ́bọ̀dé tu itọ́ pákò. Ó ní ní tòun o, bí òun bá rí ẹni tó ń wọn ọrùn àgbò, òun kì í bi í pé aṣọ wo ló fẹ́ rán fún un.

Ràsáàkì kọjá lọ.

Àárọ̀ ni wọ́n fi ìpàdé sí. Ọ̀sán gangan ni àlejò dé. Àwọn èèyàn ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà níwájú iléèwé títí ètè wọn fi bó. Àtíbàbà náà ò tó, inú oòrùn ni àwọn obìnrin wà. Lanrófà kan ló ṣáájú, Píjò tẹ̀lé e. Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá, Alága ìgbìmọ̀ adágún, sọ̀kalẹ̀ nínú Píjò pẹ̀lú agbádá léèsì àti awò dúdú lójú. Ayàwòrán kan gbé ẹ̀rọ fọ́tò tẹ̀lé e, àwọn méjì sì gbé pátákó kan tí wọ́n ya àwòrán sí.

Gẹ̀ẹ́sì ni Alága kọ́kọ́ sọ. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ó nawọ́ sí omi, ó nawọ́ sí ọ̀run, ọmọdé kan sùn, ó sì jí. Ràmọ́nì, tó ń ṣe ògbufọ̀, dìde.

"Wọ́n ní ẹ kú ìkàlẹ̀."

Alága tún sọ òmíràn, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ràmọ́nì ní wọ́n ní nǹkan ire ló ń bọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ta ni yóò bínú sí nǹkan ire?

Wọ́n gbé àwòrán wá síwájú. Omi inú rẹ̀ búlúù ju omi Ìdí-Èmì lọ. Ilé funfun wà létí rẹ̀, ọkọ̀ wà lójú rẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké sì jókòó sábẹ́ agbòjò aláràbarà, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ nínú àwòrán náà. Ọdẹ́bọ̀dé dìde, ó rìn lọ bá a, ó wò ó fínnífínní.

"Ta ni àwọn tó jókòó wọ̀nyí?"

Alága ní àlejò ni wọ́n.

"Àwa ńkọ́? Níbo la wà níbẹ̀?"

Ràmọ́nì wo Alága, Alága wo àwòrán. Ó wá fi Yorùbá dáhùn fúnra rẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ṣe wọ́n lálejò, bàbá." Àwọn tó bá a wá rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìlú kan náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí ẹni ńlá bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń dà bí àìmoore kéèyàn pa ẹnu dé. Ọdẹ́bọ̀dé padà lọ jókòó.

Yorùbá wá dùn mọ́ Alága lẹ́nu, kò padà sí Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ó ní ìjọba mìíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tàwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Ó na ìka sókè.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Dúróríkẹ́ nìkan ni kò pa á. Ó kọ etí sí ọ̀nà odò, ó ní òun ń gbọ́ ohun kan tó ń kùn bí agbọ́n. Àwáwù ní bóyá ọkọ̀ akẹ́rù ló ń bọ̀ láti Ṣakí. Àwọn tó wà níwájú ní kí wọ́n dákẹ́, aṣojú fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ràsáàkì dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé àwòrán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà tó wà wọ́n wá láìséwu. Àwáwù ń wo ẹnu rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó gbójú wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ pàdé ti ìyàwó rẹ̀, ó la ẹnu. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága, ó jókòó.

Àwáwù dìde fúnra rẹ̀, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ràmọ́nì rọra sọ fún un pé àsìkò ìbéèrè ti kọjá, ìyàwó wa, fọ́tò ló kàn. Ayàwòrán gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ìlọsíwájú nawọ́ sókè. Gbogbo wọn nawọ́. Àwáwù tó ti wà lórí ìdúró náà nawọ́, nítorí ó ṣì ń rò pé wọ́n fẹ́ fún òun láyè láti sọ̀rọ̀. Wọ́n yà á mọ́ wọn.

Oúnjẹ ló tẹ̀lé e. Wọ́n gbé tábìlì ọ̀gá iléèwé jáde, wọ́n gbé iyán funfun síwájú àlejò, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wàrà àti ẹran àkùkọ Ògún kún inú rẹ̀. Wọ́n bu omi, wọ́n fọwọ́. Alága ti gé òkèlè nígbà tí Mojọlá sáré dé. Ọmọ tó pọ̀n ti yọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ àlejò rárá, ọ̀dọ̀ Àwáwù ló lọ tààrà.

"Katapílà ti wọ etí omi," ó ní. "Tiyín ló kọ́kọ́ gbà. Mo kígbe, kígbe, kò gbọ́."

Ohun tí Dúróríkẹ́ gbọ́, gbogbo ìlú wá gbọ́ ọ báyìí. Ó ń kùn, ó ń dákẹ́ díẹ̀, ó ń tún kùn. Àwọn obìnrin ti ki eré mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn gbàgbé bàtà. Ràsáàkì súnmọ́ tábìlì, ó bi Alága bóyá òótọ́ ni. Alága gbé òkèlè dúró lágbede méjì. Ó ní kí ọkàn wọn balẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n kàn ń là. Ó ní òjò ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ò sì lè dúró kọjá òní. Ó ní ṣebí àwọn ti fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Ṣebí gbogbo wọn ló nawọ́.

Àwáwù ò sáré. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó gbé àwo ọbẹ̀ kúrò níwájú Alága. Ó gbé ti iyán náà.

Ìjà ti ṣẹlẹ̀ rí ní Ìdí-Èmì. Wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ti gba ìyàwó lọ́wọ́ ara wọn, ó sì ti tán nílẹ̀. Ẹnìkan ò tíì gba oúnjẹ lẹ́nu àlejò rí.

"Àwáwù," Ràsáàkì wí, "àlejò ni wọ́n."

"Wọ́n ti jẹun, Bàbá Àdìjátù. Mi ò fẹ́ kí inú run wọ́n."

Gbogbo ojú lọ sára Dúróríkẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń retí kó gbé èpè lé ìyàwó tó dójú ti ilé ọkọ. Ìyá dìde, ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí iwájú tábìlì gan-an, níbi tí àwọn àlejò ti lè rí i dáadáa, ó jókòó.

"Gbé e wá síbí," ó ní.

Àwáwù gbé àwo méjèèjì síwájú rẹ̀. Ìyá bu omi fọwọ́. Ó gé òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó mú itan àkùkọ, ó ń jẹ ẹ́, kò yára. Alága ti dìde, àwọn èèyàn rẹ̀ náà ti dìde, wọ́n ń wò ó. Òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ Alága, kò mọ ibi tí òun yóò jù ú sí.

"Ọbẹ̀ yìí dùn, ìyàwó," ni Dúróríkẹ́ wí.

Láti ọdún tí Àwáwù ti wọlé, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ti ń lọ sódò.

Àwọn àlejò wọ ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ yí padà, eruku bo àtíbàbà. Ẹnìkan ò sìn wọ́n dé ọ̀nà. Alága na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, òkèlè náà sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ajá iléèwé gbé e.

Létí omi, katapílà náà ti dákẹ́. Ó ti gba oko Àwáwù já, ó gba ti àwọn méjì tó tẹ̀lé e, ó ti ń wọ ti ẹ̀kẹrin nígbà tí àwọn obìnrin dé tí wọ́n dúró síwájú irin rẹ̀. Ọ̀nà tó là gbòòrò tó ohun tí Píjò mẹ́ta á fi máa bá ara wọn rìn. Ilẹ̀ dúdú yẹn ti yí pọ̀ mọ́ ewé, mọ́ ọ̀pá, mọ́ èso. Tìmátì fọ́ sínú ẹrẹ̀ yányán, ó dà bí ìdí òkúta tí wọ́n ti ń pa màlúù. Àwáwù dúró sí ibi tí ó rò pé ó jẹ́ igun oko rẹ̀, ó wò yíká, kò dá a lójú.

Awakọ̀ náà, ọmọ Ṣakí kan, sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun béèrè àwọn olóko kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó rán òun wá ní àwọn olóko wà nípàdé, wọ́n ń gbà pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ní kí wọ́n lù ú, ó sì ti mú ọ̀pá. Àwáwù ní kí ni wọ́n fẹ́ fi lílù rẹ̀ ṣe. Ó ní ṣé ọmọ yìí ló pòwe fún wọn? Wọ́n fi í sílẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi èmì, kò lè gun ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, kò sì lè lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó ṣeé ṣà. Ẹlòmíràn ń fọwọ́ wa ẹrẹ̀, ẹlòmíràn tú aṣọ orí rẹ̀, ó ń dì í sínú rẹ̀. Ọdẹ́bọ̀dé, tí kò gbin ẹyọ tìmátì kan síbẹ̀, kó apẹ̀rẹ̀ wá láti ilé rẹ̀, ó pín in káàkiri. Ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu wọn bí ọwọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ohùn wọn ò sì lọ sílẹ̀ nígbà tí Ràsáàkì dé. Wọ́n ní ṣùgbọ́n aṣojú ṣe bẹbẹ lónìí, ó dúpẹ́ débi pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ọ̀kan bèèrè pé dírẹ́bà wo, ti Píjò ni àbí ti katapílà? Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ràsáàkì dúró sí etí ibi tí irin ti gbẹ́. Ó pẹ́ kó tó lè súnmọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó sọ fún un, jẹ́jẹ́, pé òun ò mọ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀," Àwáwù wí. Kò gbójú sókè. "Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Ràsáàkì ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Ràmọ́nì gun alùpùpù ọ́fíìsì dé. Ó fi í sílẹ̀ lókè, ó rìn wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ràsáàkì ò kúrò níbi tó wà. Ràmọ́nì wá ní láti sọ ọ́ létí gbogbo wọn.

"Bọ̀ọ̀dá, Alága ò bínú. Wọ́n ní ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn dà yín láàmú. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ilé tó súnmọ́ omi. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn kó èèyàn jọ, kó pọ̀ bíi tòní."

Ọwọ́ àwọn obìnrin dúró. Ilé Ràsáàkì súnmọ́ omi. Ti Ọdẹ́bọ̀dé náà súnmọ́ ọn, àti ti Mojọlá, àti ìdajì ìlú.

"Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe kí ni tán?" Ràsáàkì bi í.

"Ẹ ní kí lẹ wí?"

"Ìpàdé kejì yẹn. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe kí ni tán ni wọ́n fẹ́ ká wá?"

Ràmọ́nì wo ọ̀nà tí irin là. Bí èèyàn bá tọ ojú rẹ̀ lọ, àwọn òrùlé ilé wọn ló wà lópin ọ̀nà náà, tààrà. Ràmọ́nì wá bèèrè, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo, pé kí ni kí òun sọ fún wọn.

"Sọ fún wọn pé aṣojú ò sí mọ́," Ràsáàkì wí. "Bí wọ́n bá ní ìbéèrè, kí wọ́n wá bi wá lẹ́nu ọ̀nà wa, lójúlé kọ̀ọ̀kan. A ò ní kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn."

Ràmọ́nì wo Àwáwù, bóyá yóò bá òun sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwáwù ń ṣa tìmátì. Ràmọ́nì padà lọ sídìí alùpùpù, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dáhùn, ó lọ.

Kò sẹ́ni tó yin Ràsáàkì. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ lábẹ́ àtíbàbà ló ń sọ nínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó yá, Ọdẹ́bọ̀dé fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ kan sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò wò ó. Ràsáàkì lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa. Ó mú ọ̀kan tó ti bẹ́ lápá kan, ó fẹ́ fi í sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ìyẹn ò lè dé Ṣakí," Àwáwù wí láti ibi tó wà. "Ẹ kó irú rẹ̀ sọ́tọ̀, ilé la ó ti jẹ ẹ́."

Ó kó o sọ́tọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, òkìtì èyí tí wọ́n máa jẹ nílé ti ga dé orúnkún rẹ̀. Èyí tó lè dé Ṣakí ò tíì bo ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.